Adájọ́ Ìdí Tábìlì Ìwé Ìròyìn

Ní ọdún 1995, kí n tó dé ìdí iṣẹ́ mi láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà ní ìdí tábìlì Ẹ̀hìndé, ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ìyànà-Ìbà. Àwa tí à ń dúró níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rà á. À ń ka iwájú rẹ̀, à ń ka ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni à ń jà lé e lórí. Dírẹ́bà ń bẹ níbẹ̀, tíṣà ń bẹ níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà ń bẹ níbẹ̀. Èmi Adégbọlá Àkànbí, tí n kò dé ilé-ìwé gíga kankan, tó jẹ́ pé ìyá mi ló fi Bíbélì kọ́ mi ní ìwé kíkà nílé, èmi ni wọ́n ń pè ní Adájọ́.

Ẹnu mi ló fún mi ní oyè náà. Bí mo bá ti là á, òwe á máa tẹ̀lé òwe bí àgùntàn tó ń wọ ọgbà. Àwọn èèyàn á ní, "Adájọ́, ẹ tún un sọ!" Oyin ni ìyìn ọmọ aráyé. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò kì í fẹ́ nu ẹnu mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, fíìmù kan ló gba ìgboro. Gbogbo Òkòkómáìkò ló ti wò ó. Ọkùnrin kan jí ewúrẹ́ ọba kó lè rí oògùn rà fún ìyá rẹ̀, wọ́n mú un, ọba dárí jì í, ó tún fi í ṣe ẹmẹ̀wà. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìwé ìròyìn gbé e jáde pé àwọn èrò dáná sun ọkùnrin méjì tí wọ́n pè ní olè. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀.

"Fíìmù yẹn ló ń ba àwọn ọmọ jẹ́," ni mo wí. "Wọ́n sọ olè di akọni! Ọlọ́run ní kí a má jalè. Kò ní kí a má jalè àfi tí ara ìyá wa ò bá yá."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Kùdírátù, ìyá àgbà tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà, kò rẹ́rìn-ín.

"Àkànbí, àwọn méjì tí wọ́n sun yẹn ńkọ́? Ta ló gbọ́ tẹnu wọn?"

"Ẹnu wo, Ìyá Oníbúrẹ́dì? Ẹni a bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ ti parí."

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni o."

"Níbi tí ẹjọ́ bá wà nìyẹn. Epo ti wà lẹ́nu ajá, ẹ tún ń bi ajá léèrè ẹni tó lá ọbẹ̀?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Dírẹ́bà kan gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó sọ ọ́ di orin: òun á ní, "Ẹni a bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀," àwọn yòókù á ní, "Ẹjọ́ rẹ̀ ti parí!" Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu kọndọ́kítọ̀ tí n kò mọ̀ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kùdírátù ní, "Àkànbí, ọ̀rọ̀ rẹ ti kúrò nílé o. Ṣé o mọ ibi tó ń sùn?" Mo fi í ṣe àwàdà. Nínú àdúrà mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fún mi ní ẹnu.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo jókòó sí ìdí iṣẹ́ mi, níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ fídíò ṣe ní ìlà kan lẹ́yìn Ọjà Àlàbá. Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù. Ariwo sọ lápá kejì ìlà wa: "Olè! Olè!"

Mo sáré lọ. Wọ́n ti ká ọkùnrin kan mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nímú rẹ̀, páálí fídíò kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Alhaji Májẹ́kódùnmí ni. Alhaji ti lọ kírun Jímọ̀, Àwẹ̀ró nìkan ló fi síbẹ̀, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé, tí kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́. Àwẹ̀ró ní òun bẹ̀rẹ̀ ń gbálẹ̀ ni, bí òun ti gbórí sókè, òun rí i tí ọkùnrin náà ń gbé páálí lọ, kò kí òun, kò sanwó.

Mo mọ ohun tí Àwẹ̀ró kò mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù náà ń tajà. Á dúró lójú ọ̀nà, á mú oníbàárà, á sáré wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó mọ̀ ọ́n, á sì gbé ọjà jáde lọ fi hàn án. Bó bá tà á, á dá owó olówó padà. Bí kò bá tà á, á dá ọjà padà. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Ojú la fi ń mọra. Bí ọkùnrin yìí ṣe ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹnìkan rí mi. "Adájọ́ dé! Ẹ yà fún Adájọ́!"

Wọ́n yà fún mi bí omi. Mo bá ara mi láàárín, èmi àti ọkùnrin náà àti páálí. Wọ́n ti yí taya kan dé.

"Ẹ̀yin ará, ẹ dúró ná," ni mo wí. "Bóyá ó kàn gbé e lọ fún oníbàárà ni. Ẹ jẹ́ ká dúró de Alhaji."

"Bóyá kẹ̀?" Géńdé kan tó wọ singilẹ́ẹ̀tì fi mí rẹ́rìn-ín. "Adájọ́, ẹnu yín la ti gbọ́ ọ. Ẹni a bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀?"

Gbogbo wọn dáhùn. Mo gbọ́ ohùn ara mi lẹ́nu ọgọ́rùn-ún èèyàn. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, kò sí ibi tí ènìyàn ti lè kọjá.

"Àbí ẹ mọ̀ ọ́n ni?" ni Singilẹ́ẹ̀tì tún bi mí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọkùnrin náà wò mí. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ní n kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á pa á lójú mi. Bí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n, a di méjì. Mo gbàdúrà kúkúrú kan, ṣùgbọ́n n kò dúró gba èsì rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo rán an. Alhaji ló ní kí n wá gbé fídíò yẹn lọ tún ṣe."

Singilẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, ó ya páálí. Fídíò náà ń dán nínú ọ̀rá rẹ̀, ẹnìkan ò tíì fọwọ́ kàn án láti ilẹ̀ òkèèrè tó ti wá.

"Tuntun lẹ fẹ́ tún ṣe?"

N kò rí òwe kan pa.

Wọ́n fi wáyà dè wá, ẹ̀yìn mi kan ẹ̀yìn rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, mo sì ń gbọ́ ọ nínú egungun ara mi. "Ẹ̀gbọ́n," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ta ni yín? Ta ni yín?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù, ó ń bọ́ lẹ́nu mi lẹ́sẹẹsẹ, n kò mọ èyí tí mo ti kà. Ìgbà tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù dé ni Àwẹ̀ró figbe ta.

"Ẹ má pa wọ́n! Ọjà ni mo ní kí ẹ gbà fún mi, n ò ní kí ẹ pa ènìyàn!"

Wọ́n tì í sẹ́yìn. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó sáré gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Bí ó ti pẹ́ tó, n kò lè sọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ti da bẹntiróòlù sí wa lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tí yóò ṣá ìṣáná, torí olúkúlùkù fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ òun. Nígbà náà ni Alhaji dé, tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ọmọ́tọ́ṣọ́ mà nìyẹn! Ẹ tú u! Ẹ tú u kíá! Ọdún mẹ́rin ló ti ń gbé ọjà jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, abẹ́rẹ́ ò sọnù rí!"

Wọ́n tú u. Àwọn kan ń gbọn eruku ara rẹ̀ nù bí ẹni pé àwọn kọ́ ni wọ́n dà á sí i.

"Èyí ńkọ́, Alhaji?" Singilẹ́ẹ̀tì nawọ́ sí mi. "Ó ní ẹ̀yin lẹ fún òun ní fídíò tún ṣe."

Alhaji wò mí dáadáa. Olóòótọ́ èèyàn ni, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. "Mo máa ń rí i ní ìlà yìí. Ṣùgbọ́n n kò gbé iṣẹ́ kankan fún un rí."

Ọ̀rọ̀ bẹ́. Wọ́n ní kí ló máa mú èèyàn parọ́ fún ẹni tí kò mọ̀, bí kò bá ní ètekéte nínú? Wọ́n ní ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń pariwo olè, kí ojú má bàa wá sára mi. Bí kì í bá ṣe Alhaji tó dì mọ́ mi, bóyá èmi kọ́ ni mò ń sọ ìtàn yìí. Òun àti àwọn méjì kan ló fà mí dé àgọ́ ọlọ́pàá, pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí mi lè là sí. Ọlọ́pàá ò bá mi jà. Wọ́n kàn gbọ́ pé olè ni èrò pè mí, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n tì mí mọ́bẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọmọ́tọ́ṣọ́ wá. Imú rẹ̀ ti wú. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn irin, ó nawọ́ omi sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, Alhaji ti bẹ̀ wọ́n, èmi náà ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ná." "Ẹ má bínú o. Kí ló dé tí ẹ ò dúró lórí ohun tí ẹ kọ́kọ́ sọ? Òtítọ́ nìyẹn. Irọ́ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sun wá."

"N kò gbà pé òtítọ́ á tó wọn, àbúrò. Èmi ni mo kọ́ wọn pé kí wọ́n má dúró gbọ́ ọ."

Ó dìde, ó ní òun á tún padà wá lọ́la.

Sájẹ́ǹtì gbé pépà àti bírò fún mi. Ó dúró, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo fi pépà náà lé orúnkún. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ àdúgbò mi. Mo rò ó pé níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ní ìdí tábìlì ni, ṣé ní ọjọ́ Ẹtì ni. Mo ní kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ọlọ́run, kí n tó ṣàlàyé. Mo kọ ọ́: *Mo parọ́.*

Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ gba àárín irin wọlé, ó fa pépà náà yọ, ó kà á.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ẹ buwọ́ lù ú níbí."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ó kù. N kò tíì sọ ìdí rẹ̀."

"Ẹ buwọ́ lù ú ná, Bàbá. Mo fẹ́ máa relé."