Sikhye Bàbá Hyewon

Ọjọ́ pẹ́ tí Yang Gyusik ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú Jeonju ní Kòríà ní kẹ́mísìrì, àmọ́ kò dáná rí. Àfi ìgbà tí ìyàwó rẹ̀, Seonrye, yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn òbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Hyewon, ọmọ wọn, ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ta ni yóò ṣe sikhye, omi ìrẹsì dídùn tí wọ́n fi ń ṣàlejò?

"Èmi ni," Gyusik wí.

Ó rẹ báálì, ọkà kan tó ti hù, ó fún omi rẹ̀ sórí ìrẹsì jíjinná. Ó yẹ kó fi í sílẹ̀ kó máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ojú ń kán an. Ó gbé e kaná, ó sì hó gan-an. Nígbà tó di ọ̀sán, ìrẹsì ò léfòó, bẹ́ẹ̀ líléfòó rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé sikhye ti ṣe.

Seonrye tọ́ ọ wò. "Bàbá Hyewon, ẹ kú iṣẹ́. Omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì lẹ bù fún mi yìí."

Gyusik náà tọ́ ọ wò, ó mirí. "Mo ti pa wọ́n."

"Ẹ pa àwọn wo?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ inú báálì. Ṣúgà ló so kọ́ra gbọọrọ tó di sítáàṣì inú ìrẹsì, ìyẹn ni ahọ́n ò fi mọ adùn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí ló ń já a. Purotéènì sì ni wọ́n. Bíná bá ti pọ̀, wọ́n á dàrú bíi funfun ẹyin tó jinná, kò sí àtúnṣe."

"Ẹ mọ gbogbo èyí, ẹ wá lọ bọ òṣìṣẹ́ yín."

"Rọra, ọwọ́ ń dùn ọ́."

"Ẹnu ò dùn mí."

Gyusik gbé ìkòkò, ó fẹ́ dà á nù, àmọ́ ó dúró. Sítáàṣì ò kúkú sá lọ. Òṣìṣẹ́ ló kú. Ó jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó da omi báálì tuntun sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, Seonrye ní kò gbọdọ̀ dìde nídìí ẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn àna tí wọn ò tíì rí. Nígbà tó yá, hóró ìrẹsì kan léfòó, òmíràn tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà Hyewon mu tán, ó béèrè ẹni tó ṣe é.

"Bàbá Hyewon ni," Seonrye dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é."

Gyusik ti dìde lọ bu òmíràn wá fún àlejò.