Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Ìwé Ẹrù?

Ọjọ́ Ẹtì ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé Ààrẹ kò lágbára láti dá owó ibodè lé ọjà òkèèrè bó ṣe wù ú, pé ilé aṣòfin ló ni iṣẹ́ náà. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wa ní Cleveland pẹ̀lú báàgì aláwọ. Mo ti ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ogún ìṣẹ́jú ló fi jókòó sínú ọkọ̀ tó ń wo pátákó wa kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Akọ́díọ̀nù, ohun èlò orin tó ń fẹ́ bí ẹwìrì, ni à ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù Wendell Kosir. Ítálì la ti ń ra àwọn ahọ́n irin tín-ín-rín tó ń mú un dún, ìda oyin la sì fi ń lẹ̀ wọ́n mọ́ igi. Bí òtútù bá mú ìda náà jù, á sán, ahọ́n á sì já bọ́. Ẹ̀rọ tó ń mú ṣọ́ọ̀bù gbóná sì ti kú láti ọjọ́ kọkànlá oṣù Kínní. Akọ́díọ̀nù mẹ́rìnlá, ti oníbàárà ni gbogbo wọn, wà lórí pẹpẹ lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì.

Mo rántí ọjọ́ tí owó ibodè tuntun kọ́kọ́ kàn wá: ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, nítorí àpótí kan tí kò tóbi ju ti bàtà lọ. Awakọ̀ akẹ́rù kò gbé e sílẹ̀ títí Wendell fi sanwó. Lọ́sẹ̀ kejì, Wendell gé iṣẹ́ mi kù sí ọjọ́ mẹ́ta. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọkùnrin náà wọlé. Ó ní Grady Pruitt lorúkọ òun.

"Bàbá, ẹ kú òtútù. Ìjọba máa dá owó ibodè yẹn padà, ṣùgbọ́n ta ló mọ ìgbà? Ẹ ta ẹ̀tọ́ yín sí owó náà fún ilé-iṣẹ́ wa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là lónìí, kí àwa máa bá ìjọba fà á."

Wendell, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, wo ẹ̀rọ tó kú. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta á tún ìyẹn ṣe."

"Á tún un ṣe, á sì ṣẹ́ku owó ẹja díndín ọjọ́ Ẹtì."

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń jẹ ẹja lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Inú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì la wà, Bàbá. Ní Cleveland níbí, ta ni kì í jẹ ẹ́?"

Wendell rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bi Pruitt pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé a ń ra ọjà láti òkèèrè?"

"Iṣẹ́ wa ni ká mọ̀, màdáàmù. Àpótí mẹ́fà, àbí?"

Mẹ́fà ni lóòótọ́. Ó fi ìwé àdéhùn sílẹ̀, ó ní òun á padà ní aago méjì.

Wendell ti mú gègé láti fọwọ́ sí i. Mo gba ìwé náà, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ewé kẹrin ni mo ti rí i: bí ẹ̀tọ́ náà bá já sí pé kì í ṣe ti ẹni tó tà á, ẹni náà á dá owó padà ní ìlọ́po mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sì fi dúró.

"Ẹ̀tọ́ mi kọ́ ni?" Wendell ní. "Ta ló sanwó? Ìwọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ sanwó, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iye àpótí wa, tó wá fi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sójú ewé kẹrin, nǹkan kan wà tó mọ̀."

"Marlene, ìwọ á fura sí póòpù."

"Póòpù ò tíì gbé ìwé àdéhùn wá bá mi."

Ó wò mí títí. "Àbí o fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù yìí tì, kí o lè ráyè lọ bá àbúrò rẹ ní Toledo?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo gbé agolo kúkì tí ọ̀gá ń kó ìwé ẹrù sí, mo tẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì. Mo fi ìka sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kó ọjà wọlé sí. Kò sí Kosir níbẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ló wà lórí gbogbo rẹ̀.

Wendell bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. "Wọ́n bi mí lórí fóònù nígbà àkọ́kọ́: ṣé èmi ni màá bá kọ́sítọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ ni, àbí kí àwọn bá mi ṣe é. Mo ní kí wọ́n máa ṣe é. Akọ́díọ̀nù ni mo mọ̀."

"Àwọn ló san án fún ìjọba, ẹ̀yin wá san án fún àwọn. Lójú ìjọba, ẹ ò san sẹ́ǹtì kan."

Ó jókòó. Gègé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Pruitt dé ní aago méjì, mo ti kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀: bí orúkọ Kosir kò bá sí lórí ìwé ẹrù, Kosir kò ní dá nǹkan kan padà.

"Ẹ bá wa fọwọ́ sí ìyẹn ná," mo ní.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Màdáàmù, èyí ò pọn dandan."

"Bí kò bá pọn dandan, kò ní pa yín lára."

Ó yíjú sí Wendell. "Bàbá, ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an, ẹ̀yin ni àbí obìnrin yìí?"

Wendell gbé gègé náà sílẹ̀. "Bí o bá fọwọ́ sí ìlà yẹn," ó ní, "á ṣì jẹ́ tèmi."

Pruitt kó ìwé rẹ̀. Kò tilẹ̀ bá wa jiyàn. Láti ojú fèrèsé, mo rí i tó fa ìlà lé nǹkan kan lórí bébà nínú ọkọ̀, ó sì wa ọkọ̀ náà lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Irma Drobnik, tó ń ta aago Jámánì. Mo fi hàn Wendell. Ó gbé fóònù.

"Irma, má fọwọ́ sí nǹkan kan. Lọ wo ìwé ẹrù rẹ, kó o sọ orúkọ tó wà níbẹ̀ fún mi."

Mo kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ akẹ́rù lọ́jọ́ náà, mo ní kí wọ́n dá owó ọ̀gá padà. Èsì wọn dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ: bí ìjọba bá dá owó padà fún wọn, wọ́n á rò ó wò.

"O gbà wọ́n gbọ́?" Wendell bi mí.

"Rárá."

"Èmi náà ò gbà wọ́n gbọ́. Tọ́jú lẹ́tà yẹn sínú agolo."

Òkè ṣọ́ọ̀bù ni Wendell ń gbé. A gbé tábìlì iṣẹ́ lọ sí ilé ìdáná rẹ̀, lẹ́yìn náà a kó akọ́díọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá gun àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tan sítóòfù, ó gbé ìkòkò ìda kà á.

"Wá lọ́la," ó ní.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀la, kò sí lára ọjọ́ mẹ́ta mi. Mo ní màá wá.