Orin Tí Mo Ní Mo Ti Pa Tì

Kò sí obìnrin Yorùbá kan ní Onitsha tó mọ orin èébú kọ jù mí lọ, n kò sì ní torí ìrẹ̀lẹ̀ purọ́. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ta léèsì ní Main Market. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ gún mi láàárọ̀, mo ti fi orin dá a lóhùn kí oòrùn tó wọ̀, àwọn alárù tí wọn kò gbọ́ Yorùbá pàápàá yóò sì máa súfèé rẹ̀ kiri.

Ẹni tí mo kọrin fún jù ni Bàrákàt, ìyá Mùíz, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ogún ọdún sẹ́yìn ló sọ fún oníbàárà mi kan pé àwọ̀ léèsì mi máa ń ṣí. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọrin síra wa, èmi kan, òun kan. Òun náà mọ̀ ọ́n kọ, àmọ́ kò tó mi. Èyí tó dùn ún jù nínú tèmi nìyí:

Ẹnu Ìyá Mùíz gùn,
Ó gùn ju afárá Odò Ọya lọ.
Ó la ẹnu ní Upper Iweka,
Wọ́n ń sá fún un ní Àsábà.

Lọ́dún tó kọjá, Ọlọ́run gbà fún mi, mo lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí mo dúró ní Arafa pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, èmi ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, kò sí ohun tó bà mí lẹ́rù bí ẹnu mi. Ẹnu tí mo fi ń tọrọ àforíjì náà ni mo fi ń bú ọmọ ẹlòmíràn láti àárọ̀ ayé mi. Mo sunkún, mo sì ní mo ti pa orin èébú tì.

Nígbà tí mo dé, mo tún un sọ níwájú àwọn ìyá àsàlátù wa, ẹgbẹ́ tó máa ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìrun alásárì. Gbogbo wọn ṣe àmín. Bàrákàt nìkan ni kò ṣe é. Ó ní ẹnu kì í ṣe ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì, pé òun yóò máa wò mí níran. Mo gbé e mì. Odidi oṣù mẹ́jọ ni n kò dá a lóhùn, mo sì ń fi yangàn nínú ọkàn mi.

Ní oṣù tó kọjá, Alfa Màmúdù tó ń darí àsàlátù wa ké gbàjarè pé Yorùbá ń tán lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Òótọ́ ló sọ. Àìṣà, ọmọ Muadh ọmọ mi, ti pé ọdún méje, Igbo ló sì fi ń lá àlá. Mama Nnukwu ló ń pè mí, bí àwọn Igbo ṣe ń pe ìyá àgbà. Alfa ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ohun kan ní Yorùbá, kó wá sọ ọ́ sétí gbogbo wa. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ Àìṣà ní ewì kúkúrú kan lórí ìbọ̀wọ̀ fún òbí.

Nígbà tó kàn án, ó jáde nínú híjáàbù funfun tí mo rán fún un. Ó la ẹnu, ewì ti fò lọ. Mo ń mi ètè sí i, kò tilẹ̀ wò mí. Lójijì ni ojú rẹ̀ là. Ó ti rántí Yorùbá mìíràn tó mọ̀, ó sì gbé e pẹ̀lú ohùn gooro, láìṣi ọ̀rọ̀ kan:

"Ẹnu Ìyá Mùíz gùn…"

Ó kọ ọ́ tán, ó tún jó díẹ̀ sí i.

Alfa rọra bi í pé ta ló kọ́ ọ.

"Na Mama Nnukwu," ni Àìṣà wí, inú rẹ̀ ń dùn. "She dey sing am when she dey wash plate."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ó kó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ búra pé irọ́ ni, àmọ́ mo mọ̀ pé ọmọ náà kò purọ́. Ẹnu mi ti ń kọ ọ́ nídìí abọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Oṣù mẹ́jọ tí mo fi ń yangàn, ojú òde nìkan ni mo gbá, n kò gbá ìyẹ̀wù.

Ìyá Bíọ́dún tó jókòó tì mí tètè ní ọmọdé ni, bóyá níta ló ti gbọ́ ọ. Ó fẹ́ bò mí láṣìírí. Àmọ́ Bàrákàt ti dìde, ó ti fún ìró rẹ̀ le, bó ti máa ń ṣe bó bá fẹ́ kọrin. Gbogbo ojú yí sí mi. Èsì ti wà lẹ́nu mi, ó sì dùn gan-an.

Mo dìde, mo rìn lọ bá a, mo kúnlẹ̀ fún un níwájú ọmọ ọmọ mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ju Bàrákàt lọ.

"Òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ," ni mo wí. "Mo tan yín, mo tan ara mi. Ìyá Mùíz, kọ tìrẹ tán. N kò ní fèsì, lónìí tàbí lọ́jọ́ mìíràn."

Òun náà wá sórí eékún.

"Láti ìgbà tí ẹ ti dé láti Mẹ́kà ni mo ti ń to orin yìí sílẹ̀ dè yín, Àlhájà," ó ní. "Kò sí èyí tí mo kọ tó dùn tó o. Kí ni kí n wá fi ṣe?"

Mo ní kó jẹ́ ká jọ gbé tiwa sọnù. Ẹ̀rín pa á, ẹkún sì gbà á, èmi náà bá a sun ún.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń fọ abọ́, mo máa ń ṣọ́ ẹnu mi bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Mo fi orúkọ Ọlọ́run dí i. Lánàá, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi tó ń wí "Subhanallahi" lórí ohùn tí mo fi ń wí i gan-an. Àìṣà ni, ó ń nu abọ́. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ.

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé.

"Na you nau, Mama Nnukwu."