Gbólóhùn tí Akọ̀wé Pa Rẹ́

Kí ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ tó dé ọ́fíìsì wọn, Akọ̀wé nìkan ni ọ̀gá máa ń yìn níbẹ̀. Òun ló ń kọ ìlànà bí wọ́n ṣe ń lo gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà bá ṣe. Iṣẹ́ ọ̀hún ló sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé láàárín ẹbí ọkọ. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi bá Ìyàwó, bí gbogbo ilé ṣe ń pe ọmọbìnrin náà, tọrọ iṣẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ọmọ wa ni, orí ẹ̀ pé."

Orí ẹ̀ pé jù, ìyẹn ló wá di ìjàngbọ̀n.

Iṣẹ́ aládàáṣe ni wọ́n ń tò fún àwọn ilé ìwòsàn: kọ̀ǹpútà á fúnra rẹ̀ rán aláìsàn létí ọjọ́ tó máa rí dókítà, á fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́, á ta nọ́ọ̀sì lólobó bí oògùn bá ń tán lọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ẹ̀ mọ́. Ìyàwó wá ṣe irinṣẹ́ kan fún àwọn aṣojú ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tí à ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bí o bá bi aṣojú pé, "Iṣẹ́ wo la ti ní nílẹ̀?", irinṣẹ́ yìí ló máa fi kà wọ́n jáde fún ọ.

Lọ́jọ́ tó fi han ọ̀gá, ọ̀gá dìde lórí àga. Nígbà tí Akọ̀wé àti Ìyàwó fi máa yà kí ìyá ọkọ wọn nírọ̀lẹ́, màmá ti gbọ́. "Ìyàwó wa mà ṣe bẹbẹ," ni wọ́n ń wí, wọ́n ń bu omi tútù fún un. Akọ̀wé náà jókòó níbẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ òun náà.

Òun ni wọ́n tún ní kó kọ ìlànà irinṣẹ́ náà. Ìyàwó fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Àǹtí mi, ibì kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fò. Ojú ewé kan ni irinṣẹ́ yìí máa ń kó wá lẹ́ẹ̀kan. Tí iṣẹ́ bá pọ̀, ó máa fi àmì sísàlẹ̀ pé ó ṣẹ́ kù, aṣojú á sì padà lọ béèrè èyí tó kù. Ìlànà yín ni aṣojú máa kà, ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ nìkan ló máa mọ̀ o."

"Mo ti gbọ́," ni Akọ̀wé wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó kọ orúkọ irinṣẹ́, ó kọ ohun tó ń ṣe, ó kọ bí wọ́n ṣe lè ní kó mú àwọn iṣẹ́ tó ṣì ń lọ nìkan wá, kó fi àwọn tí wọ́n ti dá dúró sílẹ̀. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ojú ewé, ó kọ gbólóhùn náà, ó wò ó títí, ó pa á rẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ò ju pé kí nǹkan náà kàn kọsẹ̀ díẹ̀, kí ọ̀gá lè jókòó padà.

Ó kọsẹ̀. Ilé ìwòsàn kan bi aṣojú bóyá àwọn ti ní iṣẹ́ tó ń rán aláìsàn létí. Aṣojú ka ojú ewé kìíní, kò rí i, ó ní kò sí. Wọ́n bá ní kó ṣe tuntun. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn aláìsàn gba ìránṣẹ́ méjì méjì, fóònù ilé ìwòsàn ò sì sinmi: ṣé ẹ̀ẹ̀mejì làwọn máa wá ni?

Ọ̀gá pe àwọn obìnrin méjèèjì, ó ṣí ìlànà náà sójú kọ̀ǹpútà. "Ta ló gbàgbé ọ̀rọ̀ ojú ewé?"

Kí Akọ̀wé tó yanu, Ìyàwó ti dáhùn.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Èmi ni mi ò ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa fún àǹtí mi."

Ọ̀gá mirí. Ó ní ẹni tó lè gba ẹ̀bi báyìí ṣọ̀wọ́n. Akọ̀wé rò pé ara máa tu òun, àmọ́ ńṣe ni ọ̀rọ̀ náà ta á lójú bí ata. Ẹ̀bi tó jẹ́ tiẹ̀ gan-an, Ìyàwó ti gbà á, ó sì tún fi gba oríyìn.

Ó lọ bá a níbi tó ti ń fọ ife.

"Kí ló dé tó o parọ́ fún ọ̀gá?"

Ìyàwó ò wojú ẹ̀. "Kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ohun tá a bá pa rẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo rí i. Kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní o ṣẹ̀ mí ni, ǹ bá bá ẹ jà, kó tán síbẹ̀."

Ìyàwó pa omi. "Ẹ̀yin lẹ mú mi wá síbí, ìyẹn ni mo ṣe gbé ẹ̀bi náà fún yín lónìí. Mi ò ní gbé e délé. Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá."

Akọ̀wé lọ. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, kò pariwo, kò sì lé e. Ó kàn ní láti ìsinsìnyí lọ, Ìyàwó ni yóò máa ka gbogbo ohun tí Akọ̀wé bá kọ kó tó jáde.

Akọ̀wé tún ìlànà náà kọ, gbólóhùn ojú ewé ló fi ṣíwájú. Ìyàwó kà á, ó yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà, ó dá a padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Akọ̀wé wo àtúnṣe náà. Ó dára ju tiẹ̀ lọ, ìyẹn náà sì dùn ún.