Ìkúnlẹ̀ Nílé Mama Títíloyè

Ìgbéraga ni wọ́n pè é. Wọ́n ní láti ìgbà tí mo ti kó lọ sílé tara mi lẹ́bàá Airport Road, orúnkún mi ò mọ ilẹ̀ mọ́. Èmi Tóyọ̀sí, tí mo ti ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba láti ogún ọdún, tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ pé ẹnu mi mú, mi ò fèsì. Ẹ̀rù ló pa mí lẹ́nu mọ́.

Àìsàn kan wà lára mi tí wọ́n ń pè ní Pákínsìn. Inú ọpọlọ ló ń gbé, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló fi ń ṣeré. Tí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n, mo lè fi í sábẹ́ aṣọ tí mò ń tà. Àmọ́ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo kúnlẹ̀ láti wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀, kò gbé mi dìde mọ́. Ilẹ̀ ni ọmọ mi, Ọpẹ́yẹmí, bá mi nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹnì kan tún wà tí a jọ ń rí dókítà: ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn wọlé nígbà Kérésì, kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n fi tì í wọlé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ohun tí mò ń wò níwájú mi nìyẹn.

Nínú ẹgbẹ́ àwa obìnrin Yorùbá ní àdúgbò Iyaro, ẹni tó bá wọlé Mama Títíloyè, ìyá ẹgbẹ́ wa, gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn, kò sì gbọdọ̀ dìde títí wọ́n á fi súre fún un tán. Ìpàdé méjì ni mo kàn tẹ̀ríba lásán. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí mi pé bí mi ò bá lè kúnlẹ̀, kí n jókòó sílé mi.

"Mummy, tell dem now," ni Ọpẹ́yẹmí wí. Yorùbá yé e dáadáa, kì í kàn fi fèsì ni.

"Tí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó ti kú tán."

"So you go just siddon for house dey wait am?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú, nítorí pé òótọ́ ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo wọṣọ, mo lọ.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Mama. Inú wọn dùn, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, àdúrà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n súre fún ọjà mi, wọ́n súre fún ọmọ mi, wọ́n dé orí ọmọ-ọmọ tí mi ò tíì ní. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ẹsẹ̀ mi ti ń le.

"Mama, ẹ dúró ná!"

Gbogbo wọn lajú. Ta ló ń já àdúrà gbà mọ́ àgbà lẹ́nu?

"Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe ìgbéraga. Àìsàn kan ló wà nínú ọpọlọ mi, kì í ṣe wèrè o. Ó ń mú ẹsẹ̀ mi le. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò burú sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pa á mọ́."

Gbéminíyì àti Yétúndé, tí a jọ wà lẹ́gbẹ́, sáré wá gbé mi. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo di apá àga Mama mú, mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo sinmi, mo gbé èkejì. Ó pẹ́ gan-an. Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún, mo sì dìde.

"Láti òní lọ, orí ìdúró ni màá ti máa kí yín, mà. Tó bá sì di pé kẹ̀kẹ́ arọ ni mò ń lò, màá gbé e wá síbí. Mi ò ní jókòó sílé."

 Mama wo ẹnu ọ̀nà wọn, níbi tí àtẹ̀gùn mẹ́ta wà tí kẹ̀kẹ́ arọ ò lè gùn, wọ́n sì yíjú sí àwọn tó kù.

"Ta nínú yín ló mọ bíríkìlà tó mọṣẹ́?"