Àtẹ̀jíṣẹ́ Láti Orí Nọ́ńbà Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ káfíńtà kú, ó pẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ṣì wà níbẹ̀, àga kan tí kò tíì ní ẹsẹ̀ kẹrin sì dojú dé lórí tábìlì iṣẹ́. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló mú ọkùnrin náà lọ. Ẹni tó máa ń gbé pákó lé èjìká tí á tún máa súfèé lọ, kò pẹ́ tó fi rù hangogo. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣàwàdà nílé ìwòsàn pé ìnagijẹ rẹ̀ ti wá ro ó jù. Òun náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ẹ̀rín yẹn ni ìyàwó rẹ̀ ń rántí jù.

Télọ̀ ni ìyàwó náà, iwájú ilé ló ti ń ránṣọ. Nígbà tó tó àkókò láti palẹ̀ ẹrù olóògbé mọ́, ó pín aṣọ rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ku fóònù. Ojú fóònù náà ti sán, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tàn, gbogbo ìgbà tó bá sì tàn ni àyà télọ̀ ń já. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan ń kọjá lọ ládùúgbò, ó ń kígbe pé, “Fóònù tó bà jẹ́! Fóònù tí ẹ ò lò mọ́!” Télọ̀ pè é. Ọkùnrin náà yí fóònù náà síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ìyá, nọ́ńbà wo lẹ fi ń ṣí i?” Télọ̀ sọ fún un. Kò rántí pé síìmù ọkọ òun ṣì wà nínú rẹ̀. Kò rántí pé inú rẹ̀ ni ọkọ òun ń ya fọ́tò gbogbo káàdì sí: káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀, ti ìyá rẹ̀, àti ìwé báńkì ìyá rẹ̀, torí pé òun ló ń bá a ṣètò owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, níbo ló ti fẹ́ rántí olè?

Màmá Agbẹ̀bí ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ àwọn tó ti hewú ṣì máa ń dúró kí i ní títì, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan lọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, kò jìnnà sí ilé ọmọ rẹ̀. Kí ọmọ náà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, ó máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé, “Ọ̀rẹ́ mi àgbà, ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé orúnkún ò yọ yín lẹ́nu?”

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́, irun rẹ̀ wà bí ó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tó fi ya télọ̀ lẹ́nu nígbà tó gòkè lọ kí i lọ́jọ́ kan, tó bá a tó ti dirun, tó ń gbálẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà nínú àpò aṣọ rẹ̀.

“Màmá, ara yín mà ti yá!”

“À ń dúpẹ́, ìyàwó mi.”

Télọ̀ ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn méjèèjì jọ lọ sí báńkì láti gba owó ìfẹ̀yìntì Màmá. Ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún un wò, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Màmá, kò sí nǹkan kan níbí mọ́. Ẹnì kan ti kó o. Wọ́n tún ti fi orúkọ yín yá owó. Ta lẹ sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún?”

Màmá di àpò aṣọ rẹ̀ mú. Télọ̀ fọwọ́ kàn án léjìká. “Màmá, ta ni?”

“Ọmọ mi ni.”

Télọ̀ yíjú sí i. “Màmá, ọmọ yín ti kú.”

“Mo mọ̀,” ni Màmá wí. “Ṣé èmi kọ́ ni mo pa ojú rẹ̀ dé ni?”

Ó fa fóònù yọ, ó nà án sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Orúkọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló wà lókè, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti so gèlè ìyàwó rẹ̀ mórí, tó ń ṣẹ̀fẹ̀. Télọ̀ ń kà á lọ. “Ọ̀rẹ́ mi àgbà, ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé orúnkún ò yọ yín lẹ́nu?” Ó tẹ̀ lé e pé, “Ọ̀rẹ́ mi àgbà, báńkì máa fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí yín. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbí.” Màmá sì ti kọ ọ́. Lẹ́yìn nọ́ńbà náà, ó béèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé òtútù ò mú ọ níbẹ̀?”

Olè náà dá a lóhùn pé, “Rárá o. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Télọ̀ ò lè kà á mọ́. Ọ̀dọ́bìnrin báńkì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu ojú, kó tó lè sọ̀rọ̀.

“Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Wọn a ra ògbólógbòó fóònù, wọn a ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, wọn a mọ bí èèyàn ṣe ń kí ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ pa láìnì yẹn lónìí, ká ti àkáǹtì yìí pa, ká sì lọ fi tó ọlọ́pàá létí. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta fóònù láì yọ síìmù rẹ̀, láì nu ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Ẹ má tọ́jú fọ́tò káàdì síbẹ̀. Nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ohùn ọmọ yín gan-an lẹ gbọ́. Kódà, bí èmi fúnra mi bá pè yín, ẹ má kà á fún mi.”

“Mo gbọ́,” ni Màmá wí. “Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, kò sẹ́ni tó béèrè orúnkún mi mọ́. Òun nìkan ló béèrè.”

Nígbà tí wọ́n délé, télọ̀ fẹ́ pa ọ̀rọ̀ olè náà rẹ́ kúrò lórí fóònù. Màmá dì í lọ́wọ́ mú.

“Dúró ná. Ibo ni tiẹ̀ parí sí? Mo ti kà wọ́n pọ̀ títí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀ mọ́.”

Télọ̀ wá ọjọ́ náà kàn, ó fìka tọ́ ọ sí i. “Ibí ni, Màmá. Èyí tó kọ nílé ìwòsàn.”

Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: “Oorun ń kùn mí. Tí mo bá jí, màá pè yín.”

Màmá wò ó títí. “Wọ́n ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Olè yìí ti sọ ọmọ mi tó kú di ọmọ tó nù. Mo tún ti ń retí rẹ̀.”

Télọ̀ dọwọ́ bojú, ó sunkún. Ó ní òun lòun ta fóònù náà. Màmá fà á mọ́ra, ó ní, “Ìwọ kọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.”

Wọ́n rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀nà kan dé ni olè ń gba òmíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Màmá jókòó ti télọ̀ níwájú ilé, obìnrin kan dé tibinútibinú. Ó na fóònù síwájú, káàdì ìdánimọ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló wà lójú rẹ̀, àdírẹ́sì ilé sì hàn gbangba.

“Ẹ pe ọkùnrin yìí jáde! Ó ní òun fẹ́ fi ilé háyà fún mi, ó gba gbogbo ohun tí mo ní. Èmi àtàwọn ọmọ mi ń sùn sílé onílé. Kò ní dára fún un!”

Télọ̀ ti dìde, ó fẹ́ fèsì. Màmá gbọ́wọ́ sókè, ó gba fóònù náà, ó wo fọ́tò ọmọ rẹ̀.

“Èmi ni mo bí i,” ló wí. “Ẹ wá, màá mú yín lọ síbi tó wà.”

Itẹ́ òkú ló mú un lọ, télọ̀ tẹ̀ lé wọn. Obìnrin náà ka orúkọ tó wà lára òkúta, ó wo káàdì, ó tún wo òkúta. Orúkọ kan náà ni, ọjọ́ ìbí kan náà. Ó wá rí ọjọ́ ikú, ó sì kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀.

“Ìyá, ẹ forí jì mí. Mo ti ṣépè fún òkú ọlọ́kú.”

“Èpè yẹn ò ba ọmọ mi,” ni Màmá wí. “Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kiri ni kó lọ bá. Dìde, ìyá ọmọ. Ilẹ̀ yẹn tutù.”

Obìnrin náà kò lè dìde. Ó ń sunkún nítorí ilé tí kò sí. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sunkún, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú. Télọ̀ dúró tì wọ́n títí tí oòrùn fi rọlẹ̀.

Wọn ò rí olè náà mú títí di òní. Ọkùnrin tó ń ra fóònù kò sì kọjá ládùúgbò mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lọ sí itẹ́ òkú, télọ̀ gòkè lọ kí Màmá. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ wú, aṣọ àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Màmá, ṣé ẹ sùn?”

“Mo sùn díẹ̀,” ni Màmá wí. “Ìyàwó mi, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín.”

Télọ̀ jókòó tì í, ó bá a bọ́ bàtà tó kún fún erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀.