Ohun Tí Ìyá Táyé Sọ fún Kọ́là

Ó ti rẹ Adésọjí. Àlùfáà ni ní ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìkẹ́nnẹ́, ọdún kejì rẹ̀ sì nìyí tó ti ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti iṣẹ́ ìgbáyégbádùn aráàlú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Moyọ̀sọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Adésọjí rẹ́rìn-ín nígbà náà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Yunifásítì fi í sí ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn kan ní Ṣàgámù pé kó lọ kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n rán an lọ wo Ìyá Táyé, opó àgbàlagbà kan ní Irolu. Ibi ìsìnkú ló ti ń bọ̀, kò ráyè bọ́ kọ́là àlùfáà ọrùn rẹ̀. Kọ́là yẹn ni ìyá náà rí tó fi tú ọkàn rẹ̀ jáde: Táyé ọmọ rẹ̀ ń nà án bó bá ti mutí dé.

"Bàbá Àlùfáà, ẹ má sọ fẹ́nì kankan o," ó bẹ̀ ẹ́. "Òun nìkan ló kù fún mi."

Adésọjí ṣèlérí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì ń bèèrè bóyá ẹnì kan ń fìyà jẹ ìyá náà. Bó bá jẹ́ àlùfáà ló gbọ́ ọ, àṣírí ni. Bó bá jẹ́ ará ọ́fíìsì ló gbọ́ ọ, dandan ni kó kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ń ṣí ìwé tibí, tó ń pa tọ̀hún dé, àfi bíi pé inú ìwé ni Táyé ti ń na ìyá rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ni, ẹ má bínú sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, ó bọ́ kọ́là sílé, ó gun ọ̀kadà lọ sí Irolu.

"Ìyá," ó ní, "àlùfáà lẹ bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí. Ará ọ́fíìsì ni mí lónìí. Ẹ tún un sọ, kí n lè kọ ọ́."

 Ìyá Táyé yí ojú òsì rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ojú náà ti wú, ó ti dí pa. Lọ́jọ́bọ̀, ojú náà ṣì ń ríran.

"Mo ní kẹ́ ẹ má sọ ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan kan."

  Ó rẹ Adésọjí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú tó mú un ju àárẹ̀ lọ. Ó ká fọ́ọ̀mù náà sápò, ó sì bi ìyá náà léèrè ibi tí báàgì aṣọ rẹ̀ wà, kí wọ́n lè jọ kúrò níbẹ̀.